Orí Kẹfà: Mainframe Òpómúléró àti Okùn tó So Fíìmù Yorùbá mọ́ Tẹlifíṣọ̀n

Èròńgbà orí yìí

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

(a) sọ ìtumọ̀ ilé-iṣẹ́ fíìmù, olóòtú, olùdarí, ìgbéjáde àti fíìmù àgbéléwò;

(b) ṣàlàyé bí tẹlifíṣọ̀n ṣe pèsè òṣìṣẹ́, òṣèré àti òǹwòran fún fíìmù Yorùbá;

(d) dárúkọ àwọn fíìmù pàtàkì tí Mainframe gbé jáde láàárín 1993 sí 2014, kí ó sì sọ orísun ìtàn wọn;

(e) sọ ìdí tí àwọn aṣefíìmù fi kúrò lórí selulọ́ìdì bọ́ sórí fídíò;

(ẹ) tọpa fíìmù láti ọwọ́ olóòtú títí dé ilé òǹwòran, kí ó sì tọ́ka sí ibi tí owó ti ń jò dànù lójú ọ̀nà náà.

6.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Ilé-iṣẹ́ fíìmù ni ilé-iṣẹ́ tó ń wá owó eré, tó ń kó òṣèré àti òṣìṣẹ́ jọ, tó ń ya eré náà, tó sì ni ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ nígbà tó bá parí. Ní Hollywood, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ní ọgbà ńlá tí wọ́n kọ́ òpópónà àti ilé àfọwọ́ṣe sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ́fíìsì kan, kámẹ́rà díẹ̀ àti àwọn ènìyàn tó mọṣẹ́ lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù. Ààfin ọba, ọjà, oko àti ilé onílé ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà.

Olóòtú ni ẹni tó ń wá owó, tó ń ṣe àdéhùn pẹ̀lú gbogbo ènìyàn tó bá lọ́wọ́ sí eré, tó sì ń rí i pé iṣẹ́ parí. Olùdarí ni ẹni tó ń pinnu bí ìran kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí àti bí òṣèré yóò ṣe sọ̀rọ̀. Agbé-kámẹ́rà ló ń yan ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí, ibi tí iná yóò ti tàn wá, àti bóyá ojú òṣèré nìkan ni a ó rí tàbí gbogbo agboolé. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹnì kan lè di méjì tàbí mẹ́ta nínú ipò wọ̀nyí mú.

Ìgbéjáde ni mímú fíìmù tó ti parí wá sí gbangba fún títà tàbí wíwò. Ó lè jẹ́ ní gbọ̀ngàn sinimá, lórí kásẹ́ẹ̀tì tàbí díísìkì, lórí tẹlifíṣọ̀n, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fíìmù àgbéléwò ni fíìmù tí a fi kámẹ́rà fídíò yà, tí a sì tà fún àwọn ènìyàn láti gbé lọ wò ní ilé wọn. Ó yàtọ̀ sí fíìmù selulọ́ìdì, èyí tí a yà sórí téèpù oníkẹ́míkà tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ kí àwòrán tó hàn, tí a sì ń fi ẹ̀rọ ńlá tan sára aṣọ funfun.

Sísọ ìwé di fíìmù ni mímú ìtàn àròsọ tàbí eré orí ìtàgé tó ti wà nínú ìwé, kí a sì tún un kọ fún kámẹ́rà.

Àṣẹ ìgbésáfẹ́fẹ́ ni ìyọ̀ǹda tí oní-fíìmù fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi fíìmù rẹ̀ hàn fún ìgbà kan, lórí iye owó kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí èyí dáadáa: tẹlifíṣọ̀n kò ra fíìmù náà, àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ ló sanwó fún.

6.2 Ohun tó wà nílẹ̀ kí Mainframe tó dé

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí fún. Ẹ̀rọ ìgbésáfẹ́fẹ́ ti wà, ṣùgbọ́n kí ni wọn ó máa fi hàn? Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjó ló dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹgbẹ́ tó ti ń rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú lọ́rí, ìlù àti aṣọ eré wá rí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti lè wò wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe *Kóòtù Aṣípa*, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ ilé àti ti ọjà dá àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1976, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú sinimá. *Àjàní Ògún* tí Ọlá Balógun darí ló ṣí ọ̀nà ní ọdún náà. Hubert Ògúndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú *Ayé* ní 1979 àti *Jáíyésinmi* ní 1980. Àwọn ènìyàn ń tò gbọọrọ níwájú gbọ̀ngàn sinimá, nítorí pé ojú tí wọ́n ti mọ̀ lórí ìtàgé àti nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fẹ́ rí lórí aṣọ ńlá.

Ohun tó ba ọ̀nà yìí jẹ́ kì í ṣe àìsí òǹwòran. Téèpù selulọ́ìdì wọ́n, òkè òkun ni a sì ti ń fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó tí a fi ń ya fíìmù kan sì ga kọjá ohun tí ẹgbẹ́ eré lè rí pa padà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá pàápàá ń di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rùsí. Èyí ló mú kí àwọn aṣefíìmù yíjú sí fídíò. Kámẹ́rà rẹ̀ kò wọ́n tó ti selulọ́ìdì, kò sí ohun tí a ń fọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé púpọ̀ ní ìlú ńlá sì ti ní ẹ̀rọ fídíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn.

6.3 Olùdásílẹ̀: láti yàrá ìròyìn sí ibùdó eré

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Túndé Kèlání sí ní 1948, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ó dàgbà sí lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, lẹ́yìn náà ni ó wọ WNTV ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ agbé-kámẹ́rà. Ó tún lọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣiṣẹ́ fún BBC àti Reuters, ó ń ya ìròyìn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó padà sílé, ó gbé kámẹ́rà fún oríṣiríṣi fíìmù selulọ́ìdì tí àwọn ẹlòmíràn ṣe.

Ẹni tó bá ti ya ìròyìn rí mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í dúró de kámẹ́rà. Iṣẹ́ ìròyìn ń kọ́ni láti tètè rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ dára sí, láti ya ohun tó ṣe kókó kó tó kọjá, àti láti má fi téèpù ṣòfò. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tún ń kọ́ agbé-kámẹ́rà nípa àwòrán ìsúnmọ́, ìyẹn ni kí ojú òṣèré kún gbogbo àwòrán. Lórí aṣọ ńlá nínú gbọ̀ngàn, òǹwòran lè rí ẹni tó dúró lókèèrè. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré nínú pálọ̀, ojú àti ẹnu ló ń sọ ìtàn. Fíìmù àgbéléwò sì rèé, pálọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Kèlání dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tó fún un sọ ohun tó ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: Mainframe Film and Television Productions. Fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n wà nínú orúkọ kan náà. Òpómúléró ni orúkọ Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́.

6.4 Àwọn fíìmù tí Mainframe gbé jáde

Àtẹ 6.1 fi díẹ̀ nínú wọn hàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wà níbẹ̀.

| Ọdún | Fíìmù | Orísun ìtàn |
|---|---|---|
| 1993 | *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* | ìtàn Kareem Adépọ̀jù (Bàbá Wándé) |
| 1995 | *Kòṣeégbé* | eré orí ìtàgé Akínwùmí Ìṣọ̀lá |
| 1997 | *Ó Le Kú* | ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá |
| 1999 | *Ṣaworoidẹ* | Akínwùmí Ìṣọ̀lá |
| 2001 | *Thunderbolt: Magun* | ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí |
| 2002 | *Agogo Èèwọ̀* | Akínwùmí Ìṣọ̀lá |
| 2006 | *The Narrow Path* | ìwé Báyọ̀ Adébọ̀wálé |
| 2011 | *Màámi* | ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan |
| 2014 | *Dazzling Mirage* | ìwé Yínká Egbokhare |

Òpó kẹta nínú àtẹ yìí ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹjú mọ́. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ olóòtú ń bẹ̀rẹ̀ eré láìní ìwé eré kankan, tí òṣèré ń dá ọ̀rọ̀ sọ bó bá ti wá sí i lẹ́nu, òǹkọ̀wé ni Mainframe ń tọ̀ lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀.

6.4.1 *Ti Olúwa Ni Ilẹ̀* (1993)

Ilẹ̀ àwọn baba ńlá ni ìtàn yìí dá lé. Olóyè Aṣíyanbí gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn láti ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Aṣíyanbí sì ń sá fún tirẹ̀. Bàbá Wándé tó kọ ìtàn náà ló ṣe Aṣíyanbí, inú ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí sì ni ó ti wá.

Apá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kò gba ju ìwọ̀n kan lọ, títà apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ sì ń mú owó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ òǹwòran Yorùbá ní àṣà yìí tipẹ́. Ẹni tó bá ti wo eré onípele, èyí tí ń dúró síbi tó dùn jù tí a ó sì dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní bínú pé òun yóò ra apá kejì.

Ọdún 1993 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde láti dá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni fíìmù ti ní láti gba ìwé àṣẹ àti àmì ọjọ́ orí àwọn tó lè wò ó kí wọ́n tó tà á.

6.4.2 Ìwé tó di aṣọ: *Ó Le Kú* (1997)

Ní 1974 ni ìwé *Ó Le Kú* jáde. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà láàárín àwọn obìnrin mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ń fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wo fíìmù náà ti ka ìwé rẹ̀ ní ilé-ìwé girama, nítorí náà wọ́n ti ní Àjàní tiwọn lọ́kàn kí Yẹmí Ṣódìmú tó gbé e wọ̀. Ìṣòro tí gbogbo ẹni tó ń sọ ìwé di fíìmù ń bá pàdé nìyí. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé lè lo ojú ìwé kan láti sọ ohun tó wà lọ́kàn Àjàní. Kámẹ́rà kò rí inú ọkàn, ó di dandan kí ìwò ojú, lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí orin gbé e jáde.

Ohun tí fíìmù lè ṣe tí ìwé kò lè ṣe ni pé ó fi aṣọ àsìkò náà hàn. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ ìró kékeré tí kò kọjá orúnkún àti bùbá, bí àwọn ọmọge ṣe ń múra nígbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí fíìmù jáde, ìmúra yìí padà sí òde, àwọn télọ̀ sì ń pè é ní «ó le kú». Títí di òní, ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó lè má mọ̀ pé orúkọ ìwé ló wọ̀.

6.4.3 *Ṣaworoidẹ* (1999) àti *Agogo Èèwọ̀* (2002)

Fíìmù méjì yìí ni a sábà máa ń yàn fún ẹ̀kọ́ nípa ìṣèlú, ó sì tọ́ kí a dúró lórí wọn. Ìlú Jogbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, májẹ̀mú kan wà láàárín ọba, adé, ìlù ṣaworoidẹ àti onílù. Wọ́n gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sórí ọba tuntun. Ọba tó bá sì da májẹ̀mú, bí wọ́n bá lu ṣaworoidẹ nígbà tí adé wà lórí rẹ̀, yóò kú. Májẹ̀mú náà kò fàyè gba ọba láti fi ipò kó ọrọ̀ jọ. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ di ọlọ́rọ̀, nítorí náà kò gbà kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún òun. Àwọn agégẹdú wọ igbó ìlú, wọ́n ń gé igi, owó ẹ̀yìn ń wọ àpò ọba àti ìjòyè. Àwọn ọ̀dọ́ dìde, adé sì bọ́ lọ́wọ́ ọba. Lápité pe ọ̀gá ṣọ́jà kan, Lágàta, kí ó bá òun gba adé padà. Lágàta gba adé, ó sì fi í sórí ara rẹ̀.

Ní oṣù Òkúdù 1998 ni Ọ̀gágun Sani Abacha kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 1999 ni ìjọba ológun gbé agbára fún alágbádá. Ọdún yẹn gan-an ni *Ṣaworoidẹ* jáde. Òǹwòran kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ẹni tí Lágàta dúró fún, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣòro fún un láti rí epo rọ̀bì nínú igi tí wọ́n ń gé ní Jogbo. Àrokò ni a ń pe irú ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ báyìí nínú orí yìí: kí a fi ìtàn ìlú àfinúrò kan sọ ohun tí ojú ń rí nínú ìlú gidi.

*Agogo Èèwọ̀* bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkíní parí sí. Adébòṣípò, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, di ọba. Ó fẹ́ tún ìlú ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tó ti jẹ ìjẹkújẹ nígbà Lápité ṣì wà láàfin. Bí a bá wò ó dáadáa, ìbéèrè fíìmù kejì le ju ti èkíní lọ. Ìkíní béèrè bí a ó ṣe lé olè kúrò lórí ìtẹ́, èkejì ń béèrè ohun tí ọba rere lè ṣe nígbà tí olè ṣì jókòó yí i ká.

6.4.4 Àwọn fíìmù tó kọjá ààlà èdè àti ilẹ̀

*Thunderbolt: Magun* jẹ́ ìtàn Ngozi, ọmọ Igbo, àti ọkọ rẹ̀ Yínká, ọmọ Yorùbá, tí ìfura wọ àárín wọn títí tí wọ́n fi fi magun sára ìyàwó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kí fíìmù náà rìn jìnnà: ilé-iṣẹ́ California Newsreel ní Amẹ́ríkà fi í kún àkójọ fíìmù Áfíríkà tó ń pín fún yunifásítì àti ilé ìkàwé.

*Àbẹ̀ní* (2006) gba ojú ọ̀nà mìíràn. Mainframe ṣe é pọ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Benin, ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò láàárín Èkó àti Kùtọnu. Yorùbá àti Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. *Arugbá* (2008) gba ọ̀nà ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

6.5 Ojú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí *Ṣaworoidẹ*, kí a wo àwọn òṣèré rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábà, arúgbó tí ń fi òwe sọ òótọ́ tí kò sẹ́ni tó lè mú un, ni Adébáyọ̀ Fálétí. Fálétí ṣiṣẹ́ ní WNTV, ó sì di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Akéwì ni, òǹkọ̀wé *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* ni, òun náà ló kọ ìtàn tó di *Magun*. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí ìwé, tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù ṣe so kọ́ra, kí ó ka ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan ṣoṣo yìí.

Kúnlé Bámtẹ́fá tó ṣe Lágàta ni àwọn ará ilé ń pè ní Chief Fuji nítorí eré tẹlifíṣọ̀n *Fuji House of Commotion*. Déjùmọ̀ Lewis tó ṣe Adébòṣípò nínú *Agogo Èèwọ̀* ti jẹ ọba rí lójú gbogbo Nàìjíríà: òun ni Kábíyèsí nínú *The Village Headmaster*, eré tó pẹ́ gan-an lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀. Lérè Pàímọ́ ti bá Dúró Ládipọ̀ ṣeré kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá yọ nínú fíìmù, olóòtú kò ní láti fi ìran mẹ́ta ṣàlàyé pé àgbà tó níyì ni. Òǹwòran ti mọ̀.

Okùn yìí kò já nígbà tó kan ìran tó tẹ̀ lé e. Fúnkẹ́ Akíndélé, tó ṣe ìyá nínú *Màámi*, kọ́kọ́ di mímọ̀ nínú eré tẹlifíṣọ̀n *I Need to Know*, èyí tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìlera wọn. Ọ̀nà náà sì ń lọ sẹ́yìn pẹ̀lú: *Ṣaworoidẹ* wà lára ohun tó sọ Kábíràtì Káfídípẹ̀ àti Kúnlé Afọláyan di ojú tí a mọ̀. Aráparégangan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe Káfídípẹ̀ títí di òní. Afọláyan di olùdarí, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

6.6 Bí fíìmù ṣe ń dé pálọ̀

Ọ̀nà kìíní ni ọjà. Olóòtú gbé fíìmù lọ bá máàkẹ́tà, oníṣòwò tó ń da kásẹ́ẹ̀tì tàbí díísìkì púpọ̀ tó sì ń pín in fún àwọn alátùntà. Ìdúmọ̀tà ní Èkó ni ojúkò iṣẹ́ yìí fún fíìmù Yorùbá nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì àti díísìkì gbòde. Máàkẹ́tà lè san owó kan lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ó máa san bí ó bá ṣe ń tà. Èyí kejì dára fún olóòtú bí ó bá lè mọ iye tí wọ́n tà, ìyẹn kò sì rọrùn.

Ibẹ̀ ni dída fíìmù láìgbàṣẹ ti wọlé. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ méjì lè da kásẹ́ẹ̀tì kan di ọgọ́rùn-ún, kí ó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú nítorí pé kò san kọ́bọ̀ fún òṣèré. Kì í ṣe ìgbà fídíò ni ìyọnu yìí bẹ̀rẹ̀. Bàbá Sàlá ná gbogbo ohun tó ní lórí *Ọ̀run Móoru* ní 1982, àwọn ajídà gbé ẹ̀dà rẹ̀ jáde, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Díísìkì VCD tó dé lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì mú un burú sí i, nítorí pé ẹ̀dà díísìkì mọ́ bí ti ojúlówó. Kèlání wà lára àwọn tó pariwo jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, ẹ̀ṣẹ̀ ni dída iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ, yálà sórí díísìkì tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà kejì ni sinimá alágbèéká. Wọ́n gbé aṣọ funfun, ẹ̀rọ ìtanwòrán àti jẹnẹrétọ̀ lọ sí pápá, àwọn ará àdúgbò sì jáde wá wò ó. Àwọn àgbàlagbà mọ irú rẹ̀ láti ìgbà òyìnbó, nígbà tí ọkọ̀ ìjọba ń wá fi sinimá ọ̀fẹ́ hàn nípa ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Mainframe lo ọ̀nà yìí fún fíìmù rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ sílé.

Ọ̀nà kẹta ni tẹlifíṣọ̀n, òun ló sì ń jẹ́ kí fíìmù àtijọ́ máa pawó. Nígbà tí ìkànnì Africa Magic bẹ̀rẹ̀ lórí DStv ní 2003, ó nílò fíìmù tí yóò fi kún wákàtí mẹ́rìnlélógún lójoojúmọ́. Ní 2010, ìkànnì Yorùbá tirẹ̀ dá dúró. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní àkójọ fíìmù, ìyẹn gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti ẹ̀yìn wá tó sì ṣì ni ẹ̀tọ́ lórí wọn, lè gba owó àṣẹ ìgbésáfẹ́fẹ́ lórí fíìmù tó ti ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn. Olóòtú tó ti ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún máàkẹ́tà kò ní nǹkan kan láti gbé wá. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà rí nìyí nígbà tí Disney bá ìkànnì ABC wọ àdéhùn ní 1954: ABC fi owó sínú ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland, Disney sì ń ṣe ètò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ABC, níbi tí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti tún rí ojú ayé. Ní 1995, Disney kéde pé òun yóò ra ABC fúnra rẹ̀. Kò sí ilé-iṣẹ́ fíìmù Yorùbá tó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà owó kan náà ni.

6.7 Kókó orí yìí

Inú tẹlifíṣọ̀n ni olùdásílẹ̀ Mainframe ti kọ́ṣẹ́, inú tẹlifíṣọ̀n àti eré alárìnjó ni púpọ̀ nínú òṣèré rẹ̀ ti wá. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ fíìmù. Ọ̀wọ́n gógó selulọ́ìdì lẹ́yìn 1986 ló bí fíìmù àgbéléwò, dídà láìgbàṣẹ sì ni ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù.

Ìdánrawò

A. Yan ìdáhùn tó tọ̀nà

1. Ọdún wo ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? (a) 1948 (b) 1959 (d) 1974 (e) 1993
2. Ta ló kọ ìtàn tó di *Thunderbolt: Magun*? (a) Akínwùmí Ìṣọ̀lá (b) Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan (d) Adébáyọ̀ Fálétí (e) Báyọ̀ Adébọ̀wálé
3. Èwo nínú wọ̀nyí ni kì í ṣe ìdí tí selulọ́ìdì fi kógbá wọlé? (a) òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́ (b) náírà já wálẹ̀ (d) òǹwòran kò fẹ́ràn fíìmù Yorùbá (e) gbọ̀ngàn sinimá ń dín kù
4. Àṣẹ ìgbésáfẹ́fẹ́ túmọ̀ sí pé tẹlifíṣọ̀n (a) ra fíìmù pátápátá (b) sanwó láti fi í hàn fún ìgbà kan (d) lè da fíìmù náà tà (e) di olóòtú rẹ̀

B. Dáhùn ní ṣókí

5. Sọ ìyàtọ̀ méjì láàárín iṣẹ́ olóòtú àti iṣẹ́ olùdarí.
6. Kí nìdí tí àwòrán ìsúnmọ́ fi ṣe pàtàkì nínú fíìmù àgbéléwò?
7. Dárúkọ òṣèré mẹ́ta tí tẹlifíṣọ̀n ti sọ di mímọ̀ kí wọ́n tó ṣeré fún Mainframe, kí o sì dárúkọ eré tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá.

D. Àròkọ

8. «Igi inú igbó Jogbo kì í ṣe igi lásán.» Fi àpẹẹrẹ láti inú *Ṣaworoidẹ* ṣàlàyé gbólóhùn yìí.
9. Olóòtú kan ní fíìmù tuntun lọ́wọ́. Máàkẹ́tà fẹ́ ra gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní owó tó pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ san díẹ̀ fún àṣẹ ọdún méjì. Ṣàlàyé èrè àti ewu tó wà nínú ọ̀nà méjèèjì.

E. Iṣẹ́ ẹgbẹ́

10. Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ojú ìwé méjì láti inú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí ẹ ń kà ní kíláàsì, kí wọ́n sì tún un kọ fún kámẹ́rà. Ẹ kọ ohun tí òǹwòran yóò rí sí apá òsì, ohun tí yóò gbọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ èrò ọkàn ẹ̀dá ìtàn, kí ẹ sì fi han kíláàsì ohun tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.
11. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nínú ilé tàbí ní àdúgbò: eré tẹlifíṣọ̀n Yorùbá wo ni wọ́n ń wò nígbà èwe wọn, ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi í hàn, ilé ta ni wọ́n sì ti ń wò ó? Ẹ kó ìdáhùn jọ sínú àtẹ kan, kí ẹ sì wo èyí tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ tún farahàn nínú fíìmù lẹ́yìn náà.